Dìgírì Kejì Nínú Iṣẹ́ Ìtọ́jú Ará Ìlú: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ti Jáde Fásitì Mọ̀

Ní àwọn agbo-ilé Ìbàdàn àtijọ́, láti Oníyanrìn dé Bẹ́yẹrúnkà, Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba, ọ̀dọ̀ mọ́gàjí ni ẹjọ́ tọkọtaya kọ́kọ́ ń dé. Ìyálé ilé ló ń gba ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú tọ́, àwọn ará ilé ló sì ń bọ́ arúgbó tí kò bímọ. Iṣẹ́ tí àwọn òyìnbó ń pè ní social work nìyẹn, kó tó di ohun tí wọ́n ń gba dìgírì lé lórí. Ṣùgbọ́n ayé ti yí. Ọ̀pọ̀ ọmọ onílé ti kó lọ sí ìgbèríko ìlú, ayálégbé ló kún inú yàrá wọn, ọ̀rọ̀ tí mọ́gàjí ń parí lọ́dẹ̀dẹ̀ sì ti ń di ti ilé-ẹjọ́ àti ilé-ìwòsàn. Ìdí nìyí tí àwọn kan tí wọ́n ti gba dìgírì nínú ìmọ̀ mìíràn fi ń padà sí fásitì láti kọ́ iṣẹ́ yìí.

Bí iṣẹ́ náà ṣe di ti ìjọba

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1940, nígbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ tó ń sùn káàkiri ìgboro Èkó ń kọ ìjọba amúnisìn lóminú, wọ́n yan Donald Faulkner, òṣìṣẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n, láti máa bójú tó wọn. Òfin lórí àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ tẹ̀lé e lọ́dún 1943. Irú iṣẹ́ yẹn ni ọ́fíìsì tí àwọn ará ìlú ń pè ní wẹ́fíà ń ṣe títí dòní. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe lọ́dún 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sì ṣe tirẹ̀ lọ́dún 2006, tún fi kún ẹrù wọn: ìwádìí ilé tí ọmọ ti wá, ètò ìgbàtọ́, àti àbọ̀ ìwádìí fún adájọ́.

Ta ni wọ́n ń gbà?

Ní Fásitì Ìbàdàn, abẹ́ Fákọ́tì Ẹ̀kọ́ ni ẹ̀ka tó ń kọ́ni níṣẹ́ yìí wà. Fásitì Nàìjíríà tó wà ní Nsukka náà ní ẹ̀ka tirẹ̀. Kò pọn dandan kí dìgírì àkọ́kọ́ jẹ́ ti iṣẹ́ yìí gan-an, àmọ́ ọ̀nà máa ń rọrùn fún ẹni tó ka ìmọ̀ nípa àwùjọ tàbí nípa ìhùwàsí ẹ̀dá. Wọ́n lè ní kí ẹni tí ìmọ̀ rẹ̀ jìnnà sí i kọ́kọ́ gba dípúlómà. Ẹ tètè bá ilé-ẹ̀kọ́ yín àtijọ́ sọ̀rọ̀ kó fi àkọsílẹ̀ máàkì yín ránṣẹ́, kí ẹ sì wá ìwé ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ yín jáde.

Ohun tí wọ́n ń kọ́

Àwọn àgbà ní ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọkàn ẹ̀kọ́ yìí wà. Yàtọ̀ sí òfin àti ọ̀nà ìwádìí, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá: ní ilé-ìwòsàn bíi UCH, ní ilé àwọn ọmọ tí òfin mú ní Ìjòkòdó, tàbí ní ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ ń lù. Ará ilé tó fẹ́ràn rẹ̀ yóò sáré pe ẹbí jọ, yóò ní kó mú sùúrù. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ yóò kọ́kọ́ béèrè bóyá ó léwu fún un láti sùn nílé lálẹ́ ọjọ́ náà, àti ibi tí àwọn ọmọ wà. Yóò ya ohun tó fojú rí sọ́tọ̀ sí ohun tí wọ́n sọ fún un nínú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bó bá dé agbo-ilé, yóò kí mọ́gàjí bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n kò ní tú àṣírí obìnrin náà fún un. Ní àdúgbò bí Oníyanrìn, níbi tí ògiri ti kan ògiri, àṣírí tó tú lè dá ìyà mìíràn sí i lára. Àánú nìkan kò lè kọ́ èèyàn ní èyí.

Àkókò, owó àti iṣẹ́

Ẹ fi ọdún méjì sọ́kàn, kí ẹ sì fi àyè sílẹ̀ fún ìyanṣẹ́lódì: èyí tí àwọn olùkọ́ fásitì ṣe lọ́dún 2022 gba oṣù mẹ́jọ. Yàtọ̀ sí owó ilé-ẹ̀kọ́, owó ọkọ̀ lọ sí ibi ìkọ́ṣẹ́ máa ń mu èèyàn lómi. Ìjọba kì í sì gba òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún. Síbẹ̀, lọ́dún 2022, Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lu òfin tó dá ìgbìmọ̀ tí yóò máa darí iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ìwé ẹ̀rí yóò níyì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń wo òkè òkun

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé àjọ Social Work England kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pe ara rẹ̀ ní òṣìṣẹ́ yìí, dìgírì ìmọ̀ àwùjọ nìkan kò sì lè gbé èèyàn débẹ̀. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2024 ni wọn kò ti jẹ́ kí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ dìgírì kejì láti ilẹ̀ òkèèrè kó ìyàwó, ọkọ tàbí ọmọ dání mọ́. Ní Amẹ́ríkà, ìkọ́ṣẹ́ ti dìgírì kejì kì í dín ní wákàtí 900.

Ìmọ̀ràn wa ni pé kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ lọ yọ̀ǹda ara yín fún oṣù díẹ̀ ní ọ́fíìsì wẹ́fíà tó súnmọ́ yín. Ẹni tó bá rí ìyà tó wà níbẹ̀, tó sì tún padà lọ lọ́jọ́ kejì, iṣẹ́ náà bá a mu. Kó lọ gba fọ́ọ̀mù.