Ọnà Ojú Ọ̀nà: Ìtàn Ìkọ̀wé àti Àwòrán Ara Ògiri

Ní Alágbàká, ní ìlú Àkúrẹ́, ìgànná gígùn kan wà lẹ́bàá ọ̀nà tí mo máa ń gbà lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ girama nígbà tí mo wà ní kékeré. Ọkùnrin kan tí ó ń fi pátákó kíkọ jẹun, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Átíìsì, ya àwọn obìnrin Ọjà Ọba sí ara rẹ̀: ọ̀kan ru agbọ̀n obì, ọ̀kan ń ka owó, ọ̀kan pọn ọmọ sẹ́yìn, ó sì ń na ìka sí oníbàárà tí kò fẹ́ san owó pé. Ẹnikẹ́ni kò bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì san kọ́bọ̀ fún un. Ẹni tí ó ni ìgànná náà kò kọ̀ fún un. Ó ní kí ó ṣáà má kọ orúkọ olóṣèlú kankan sí i. Nígbà tí mo darí dé fún ìsinmi ọdún tí ó kọjá, ọ̀dà funfun ti bo gbogbo wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ní ẹni ńlá kan ń bọ̀ wá sí ìlú, àwọn tí a rán níṣẹ́ sì sọ pé àwọn ń nu ìdọ̀tí kúrò lójú títì.

Ọ̀rọ̀ "ìdọ̀tí" yìí ni ó bí àròkọ yìí. Bí wọ́n bá ní ìgànná ti gbó, ǹ bá dákẹ́. Bí wọ́n bá ní àwòrán náà kò dára tó, ǹ bá bá wọn jiyàn díẹ̀ kí n sì lọ jẹun. Ṣùgbọ́n kí a pe iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ní ìdọ̀tí, nítorí pé ara ògiri ni ó wà, tí kò sí nínú férémù, ó yẹ kí ẹnì kan béèrè bóyá bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa ṣe máa ń rò ó.

Èmi kì í ṣe amòfin, n kò sì mọ ọ̀dà á pò. Èdè ni mo ń kọ́ ní Yunifásítì. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹsẹ̀ mi ti múlẹ̀. Bí ènìyàn bá fi gègé sórí tákàdá, Yorùbá a ní ó kọ̀wé. Bí olóolà bá fi abẹ sí ojú ọmọ, a ní ó kọ ilà. Bí àgbẹ̀ bá fi ọkọ́ wa ilẹ̀ jọ, a ní ó kọ ebè. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. (Kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó o pọ̀ mọ́ èyí tí a fi ń kọ́ ilé, ohùn orí wọn kò dọ́gba.) Ó dájú nígbà náà pé kí tákàdá tó dé ọ̀dọ̀ wa ni a ti mọ ohun tí ó ń jẹ́ pé kí ènìyàn fi ọwọ́ sàmì sí ara nǹkan, kí ẹlòmíràn rí i, kí ó sì mọ ibi tí ó ti wá. Ojú ènìyàn ni ògiri àkọ́kọ́ tí a kọ nǹkan sí, gbogbo ìlú ni ó sì ń kà á lófẹ̀ẹ́. Ohùn kan ṣoṣo náà ni ó ya ọnà, tí í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ tí ó lẹ́wà, sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀nà tí a ń rìn. N kò sọ pé ìbátan ni wọ́n. Etí lásán ni ó so wọ́n pọ̀, ṣùgbọ́n ó wù mí láti fi wọ́n ṣe àkọlé.

Ẹ jẹ́ kí a lọ sí Ilé-Ifẹ̀ wàyí. Níbẹ̀ ni ojúbọ Òrìṣà Ìkirè wà, àwọn obìnrin ni ó sì ń kun ògiri rẹ̀. Lọ́dọọdún, bí ọdún òrìṣà náà bá ń súnmọ́lé, wọn a pa àwòrán ti èṣí rẹ́, wọn a sì ya òmíràn. Nínú ilẹ̀, nínú ewé, nínú èédú àti ẹfun ni wọ́n ti ń wá àwọ̀ wọn láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Ẹranko wà níbẹ̀, ènìyàn wà níbẹ̀, àmì mìíràn sì wà tí ẹni tí kò mọ̀dí rẹ̀ yóò kàn wò lásán. Kò sí ẹni tí ń kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ tirẹ̀. Ulli Beier, ará Jámánì tí ó gbé láàárín wa fún ìgbà pípẹ́, kọ̀wé nípa irú àwòrán ògiri ojúbọ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Moyo Okediji, tí ó jẹ́ olùkọ́ ní Ifẹ̀, lọ jókòó ti àwọn obìnrin náà láti kọ́ ọgbọ́n wọn. Bolaji Campbell sì gbé odidi ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ náà ní ọdún 2008, tí ó pè ní Painting for the Gods.

Mo kọ́kọ́ rò pé Ifẹ̀ yóò gbè mí lẹ́yìn pátápátá, àfi ìgbà tí mo tún un rò. Àwọn obìnrin Ìkirè ń pa àwòrán rẹ́! Wọ́n ń pa á rẹ́ lọ́dọọdún, wọn kì í sì í sunkún. Nítorí náà, n kò lè dúró níhìn-ín kí n máa pariwo pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a fi ọ̀dà bo àwòrán. Ohun tí ó yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí ó wá sí Alágbàká ni pé ọwọ́ tí ó ń parẹ́ ní Ifẹ̀ ni ọwọ́ tí yóò tún yà. Wọ́n ń palẹ̀ mọ́ fún òmíràn ni. Ògiri tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ní Àkúrẹ́ funfun bí aṣọ òkú, kò sì sí ẹni tí wọ́n sọ fún pé kí ó wá fi nǹkan sí i.

Àwọn ará wa ní ilẹ̀ Ìgbò náà mọ èyí. Ní agbègbè Owerri, wọn a kọ́ ilé amọ̀ tí wọ́n ń pè ní mbari fún Ala, òrìṣà ilẹ̀. Wọn a mọ ère sí inú rẹ̀, wọn a sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ kun ògiri rẹ̀. Bí ó bá ti parí, wọn a fi í sílẹ̀ fún òjò. Orúkọ yìí ni àwọn òǹkọ̀wé àti ayàwòrán mú nígbà tí wọ́n dá ẹgbẹ́ Mbari sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1961. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier gbé irú rẹ̀ dé Òṣogbo. Àwọn ará Òṣogbo gbọ́ "mbari", wọ́n sì fi etí Yorùbá gbọ́ ọ: "ḿbá rí, ḿbá yọ̀." Báyìí ni ó ṣe di Mbari Mbayo. Èmi tí mo ń kọ́ èdè kò tíì rí ọ̀rọ̀ àyálò tí ó dùn mọ́ mi tó èyí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo lẹ́yìn náà kò ṣeé fi ojú fò. Susanne Wenger, ará Austria, tí ó bá Beier dé sí Nàìjíríà ní 1950, ti ń tún ojúbọ Ọ̀ṣun ṣe pẹ̀lú àwọn bíríkìlà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìlú. Adébísí Àkànjí wà lára wọn. Bíríkìlà ni Adébísí. Iṣẹ́ ilé kíkọ́ ni ó mọ̀, irú ilé tí àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil dé kọ́ wa ní ìgbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń lọ, tí kìnnìún sìmẹ́ńtì máa ń jókòó sí iwájú wọn. Beier ní kí àwọn bíríkìlà wá díje láti fi sìmẹ́ńtì mọ ẹranko, ibẹ̀ ni ọwọ́ Adébísí ti yọ. Kò pẹ́ tí ó fi ń ṣe ìgànná olójú-ihò, tí ènìyàn àti ẹranko kún inú rẹ̀, ọ̀kan sì wà ní ilé epo Esso ní Òṣogbo ní àwọn ọdún 1960. Ẹ rò ó wò: ilé epo! Awakọ̀ tí ó dúró ra epo, tí kò ní wọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kankan títí yóò fi kú, ń wo iṣẹ́ ọnà nígbà tí wọ́n ń wọn epo sí ọkọ̀ rẹ̀. Ní 2005, àjọ UNESCO kọ orúkọ Igbó Ọ̀ṣun mọ́ àwọn ohun àjogúnbá àgbáyé, pẹ̀lú gbogbo ògiri amọ̀ àti sìmẹ́ńtì tí ó wà níbẹ̀. Wenger kú ní Òṣogbo ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2009.

Kí n má baà gbàgbé ilé: ọ̀dọ̀ tiwa ní Oǹdó àti Àkúrẹ́, àwọn tí owó kòkó sọ di ọlọ́rọ̀ kọ́ ilé alájà, wọ́n sì fi sìmẹ́ńtì kọ orúkọ ara wọn àti ọdún tí ilé parí sí òkè iwájú rẹ̀ gàdàgbà. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá kọ orúkọ ara rẹ̀ àti ọdún sí ara ògiri lónìí, a ó ní ọmọ ìta ni. Tola Wewe, tí ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ ayàwòrán Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, jẹ́ ọmọ ìpínlẹ̀ yìí, ó sì ti ṣe Kọmíṣánnà fún ọ̀rọ̀ àṣà rí ní Alágbàká yìí kan náà. Kì í ṣe pé ìjọba kò mọ ohun tí ọnà ń jẹ́.

Àní, tí a bá fẹ́ sọ òtítọ́, ìjọba gan-an ni ó ń kọ nǹkan sí ara ògiri jù. Láti ìgbà tí a ti dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, ni Alágbàká ti di ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba pọ̀ sí. Ta ni kò sì mọ òṣìṣẹ́ tí ó gbé garawa ọ̀dà pupa lọ́wọ́? Yóò fa ilà méjì tí ó kọjá lórí ara wọn sí ara ṣọ́ọ̀bù, yóò kọ déètì sí i, onílé yóò sì bú sẹ́kún. Kò sí àwòrán kankan ní ìlú tí àwọn ènìyàn ń fara balẹ̀ kà tó ilà pupa yẹn. Onílé náà ń kọ tirẹ̀: "Ilé yìí kì í ṣe títà," nítorí àwọn gbájú-ẹ̀ tí ń ta ilé onílé. Aládùúgbò ń kọ pé kí a má tọ̀ síbẹ̀, a sì ń tọ̀ síbẹ̀. Àwọn olóṣèlú ń lẹ ojú ara wọn mọ́ ojú ara wọn títí òjò yóò fi fa gbogbo wọn ya. Awakọ̀ bọ́lẹ̀kájà ti ń kọ òwe àti àdúrà sí iwájú ọkọ̀ kí wọ́n tó bí baba mi. Nínú gbogbo àwọn òǹkọ̀wé wọ̀nyí, ọkùnrin tí ó ya obìnrin ọlọ́jà nìkan ni a rí pè ní elédọ̀tí.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin bi mí pé: ògiri ta ni? Ìbéèrè náà dára. Ojúbọ Ìkirè kì í ṣe ti àjèjì, àwọn tí ó ń kùn ún ni ó ni í. Bí ẹnì kan bá sì dìde lóru láti kọ àmì ẹgbẹ́ òkùnkùn sí ara ilé opó, n kò ní pe ìyẹn ní ọnà, ìhalẹ̀ ni. N kò gbà pé gbogbo ohun tí a bá fi ọ̀dà kọ ni ó yẹ kí a tọ́jú. Ṣùgbọ́n ìgànná tí mo ń sọ ní olówó, olówó rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Àwọn tí ó wá kùn ún ní funfun ni kò bi í.

Àwọn ará Róòmù kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò ka ara ògiri wọn lẹ́yìn ikú wọn. Nígbà tí òkè oníná Vesuvius da eérú bo Pompeii ní ọdún 79, ó bo ìkọ̀wé tí ó ju 11,000 lọ mọ́lẹ̀: ìpolongo ìbò, gbèsè, èébú, ìfẹ́. Láti ara wọn ni àwọn onímọ̀ ti mọ bí mẹ̀kúnnù ṣe ń sọ Látìn, tí kò rí bí ti àwọn akéwì ọba. Àwa tí ń kọ́ èdè ni ó jẹ wọ́n ní gbèsè ọpẹ́.

Ṣùgbọ́n Dakar ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé mi rántí jùlọ. Lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1988, rògbòdìyàn dé sí Sẹ̀nẹ̀gàlì, ẹ̀kọ́ dàrú, pàǹtírí sì ń ga sí i ní àdúgbò àwọn tálákà. Ní nǹkan bí 1990, àwọn ọ̀dọ́ gbé ìgbálẹ̀. Wọ́n gbá ilẹ̀, wọ́n la gọ́tà, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé ọ̀dà, tí wọ́n sì ya àwòrán sí ara ògiri tí wọ́n fọ̀: Amadou Bamba, aṣáájú ẹ̀sìn, àti Lat Dior, ọba tí ó bá àwọn Faransé jagun. Orúkọ tí wọ́n sọ ìgbòkègbodò náà ní èdè Wolof ni Set Setal. Set ni kí nǹkan mọ́. Setal ni kí a sọ ọ́ di mímọ́. Ọwọ́ tí ó kó ìdọ̀tí ìlú kúrò ni ó ya àwòrán. Ní Dakar, bí ògiri bá ní àwòrán, ìyẹn ni a fi ń mọ̀ pé àdúgbò ti mọ́ tónítóní.

Mo lọ kí Átíìsì kí n tó padà sí ilé-ẹ̀kọ́. Fúlẹ́ẹ̀sì tí ẹ̀rọ ń tẹ̀ ti gba pátákó kíkọ lọ́wọ́ rẹ̀. Nọ́ńbà ọkọ̀ àti orúkọ ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni ó kù tí ó ń kọ. Mo bi í pé, "Baba, ṣé ẹ ní fọ́tò àwòrán yẹn?" Ó ní, "Fọ́tò ti kí ni? Ṣebí ojú ọ̀nà ni ó wà." Èmi náà, tí mo kọjá lára rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, kò ní ẹyọ kan. N kò tilẹ̀ rántí àwọ̀ gèlè obìnrin tí ó pọn ọmọ mọ́.

Nítorí náà, mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò àwọn ògiri tí ó kù, láti Alágbàká dé Ọjà Ọba, mo sì ń kọ déètì àti orúkọ ẹni tí ó yà á sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan bí mo bá rí i mọ̀. Mo ní mọ́kàndínlógójì báyìí. Bí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan bá ti ìlú tirẹ̀ dé lẹ́yìn ìsinmi, ì báà ṣe Oǹdó, Ọ̀wọ̀ tàbí Ìkàrẹ́, kí ó jọ̀wọ́ mú tirẹ̀ wá sí ìpàdé wa tí ń bọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní fọ́tò kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, tí ìgànná àwọn obìnrin ọlọ́jà náà fara hàn lẹ́yìn rẹ̀, èmi yóò ra á lọ́wọ́ rẹ̀.