Jíà Tí Ó Ń Dẹ Ẹ́ńjìnnì Lára: Ìtàn Overdrive Nínú Ọkọ̀ Akẹ́rù Ńlá

Iṣẹ́ èdè ni iṣẹ́ mi, ṣùgbọ́n kò sí ibi tí èdè kì í dé. Ó dé abẹ́ tírélà pẹ̀lú. Ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí a tú wò lónìí: overdrive. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ yóò rò pé fífi agbára kún agbára ni. Bẹ́ẹ̀ kọ́ rárá.

Ẹ jẹ́ kí a fi òǹkà ṣàlàyé. Bí ìwọ̀n jíà bá jẹ́ 1.00, tí ẹ́ńjìnnì yí ní ìgbà 100, ọ̀pá tí ó ń gbé agbára lọ sí ẹ̀yìn ọkọ̀ yóò yí ní ìgbà 100. Bí ìwọ̀n náà bá jẹ́ 0.73, ọ̀pá yóò yí ní nǹkan bí ìgbà 137 fún 100 ti ẹ́ńjìnnì. Ẹ́ńjìnnì ń rọra mí, ọkọ̀ ń sáré. Ṣùgbọ́n ohun tí a jèrè ní eré ni a pàdánù ní agbára ìfà. Bí òkè bá dé, awakọ̀ ní láti padà sí jíà tí ó kéré sí i.

Nínú ìtàn yìí, a kò lè yọ ìlú Kalamazoo sílẹ̀, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà. Ibẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ Fuller wà, èyí tí Eaton rà ní ọdún 1958. Jíà wọn tí ó lókìkí jù ni Roadranger. Ní àwọn ọdún 1960, wọ́n fi ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ méjì sínú àpótí jíà kí iṣẹ́ lè pín sí méjì, bí ìbejì tí ó jọ ru ẹrù kan. Orúkọ àwọn jíà náà dà bí oríkì: nínú RTO, R ni Roadranger, T ni ọ̀pá méjì, O sì ni overdrive. Nínú RTLO-18918B, 18 tí ó gbẹ̀yìn ni iye jíà iwájú. Jíà kẹtàdínlógún jẹ́ 0.86, kejìdínlógún sì jẹ́ 0.73.

Overdrive ti wà kí ọdún 1973 tó dé, ṣùgbọ́n ọdún náà ni ó sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ àtijẹ. Ní oṣù kẹwàá, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo títà fún Amẹ́ríkà dúró. Iye owó àgbá epo kan gòkè láti nǹkan bíi dọ́là 3 sí nǹkan bíi 12. Ní oṣù Kejìlá, àwọn awakọ̀ akẹ́rù fi ọkọ̀ dí òpópónà láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ kejì oṣù kìn-ín-ní ọdún 1974, Ààrẹ Nixon fọwọ́ sí òfin tí ó fi eré mọ sí máìlì 55 ní wákàtí kan. Dísẹ́ẹ̀lì wọ́n, eré sì dínkù. Ẹni tí ó ń gba owó rẹ̀ ní máìlì-máìlì wà nínú wàhálà. Láti ìgbà náà ni a ti ń wá bí ẹ́ńjìnnì yóò ṣe máa yí díẹ̀ lójú ọ̀nà tí ó tẹ́jú.

Ibi tí ẹnìkan ti ń sunkún ni ẹlòmíràn ti ń rẹ́rìn-ín. Nàìjíríà, tí ó wọ ẹgbẹ́ OPEC ní ọdún 1971, rówó nínú ọ̀wọ́n epo náà. Ní àwọn ọdún 1970 kan náà ni a dá ilé-iṣẹ́ Leyland sílẹ̀ ní Ìbàdàn àti ANAMMCO ní Enugu, láti máa to ọkọ̀ akẹ́rù.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Nínú jíà 1.00, agbára ń gba àárín kọjá tààrà, kò ní láti gba eyín jíà ọ̀pá ẹ̀gbẹ́ kọjá, nítorí náà ohun tí ó ń ṣòfò kéré. Ìdí nìyí tí àwọn ọkọ̀ kan fi ń lo 1.00 gẹ́gẹ́ bí jíà tí ó ga jù, tí wọ́n sì ń jẹ́ kí jíà ẹ̀yìn ṣe ìyókù.

Kí ni kí a wá pè é ní Yorùbá? Bí a bá pè é ní "jíà àlékún agbára", a ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Ọ̀pá ni Gẹ̀ẹ́sì wò kí ó tó sọ ọ́ lórúkọ. Bí a bá wo ẹ́ńjìnnì àti àpò ẹni tí ó ń ra epo, "jíà ìdẹ̀ra" ni èmi yóò pè é. Kí ni ẹ̀yin yóò pè é?