Ìgbìmọ̀ Ìlú Hialeah àti Adìẹ Àwọn Lukumí

Ọ̀rọ̀ adìẹ ni mo gbé wá lónìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ní ilé tí a ti tọ́ mi dàgbà, adìẹ a máa jẹ̀ kiri ní ẹ̀yìnkùlé, a ó sì fi agbọ̀n dé e bí ilẹ̀ bá ṣú. N kò mọ̀ pé àwọn àgbààgbà lè jókòó ní gbọ̀ngàn ìlú kí wọ́n máa jiyàn lórí ẹni tí ó lè pa á àti ohun tí ó fi pa á. Ìgbà tí mo ka ìtàn Hialeah, ní ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, ni mo tó mọ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1987, ìjọ kan tí ń jẹ́ Church of the Lukumi Babalu Aye háyà ilẹ̀ ní ìlú náà. Ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Ọbalúayé tiwa ni Babalú Ayé. Lukumí sì ni orúkọ tí a fi pe àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Kúbà, òun náà ni orúkọ èdè tí àrọ́mọdọ́mọ wọn fi ń bọ òrìṣà. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé ara “olùkù mi”, èyí tí í ṣe “ọ̀rẹ́ mi”, ni ó ti yọ. Èdè Spanish gba ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ mọ́ wọn lẹ́nu, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kò kú: eyelé ni wọ́n ń pe ẹyẹlé, ebó ni wọ́n ń pe ẹbọ. Ernesto Pichardo, aṣáájú ìjọ náà, fẹ́ kọ́ ilé ìjọsìn àti ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, kí ẹ̀sìn òrìṣà lè kúrò ní ìkọ̀kọ̀.

Ìlú dàrú. Ní ọjọ́ 9 oṣù kẹfà, ìgbìmọ̀ ìlú pe ìpàdé pàjáwìrì. Ohun tí ó dùn mí jù níbẹ̀ ni pé ọmọ Kúbà pọ̀ lọ jàra ní Hialeah. Kì í ṣe àjèjì tí kò gbọ́ orúkọ òrìṣà rí ni wọ́n. Ọ̀kan nínú àwọn ìgbìmọ̀ sọ pé ní Kúbà àtijọ́, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń sọ irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ sí, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́. Àlùfáà àwọn ọlọ́pàá ní ẹ̀mí èṣù ni wọ́n ń bọ. Nígbà tí Pichardo dìde láti sọ̀rọ̀, wọ́n fi ṣe ẹlẹ́yà.

Kí oṣù kẹsàn-án tó parí, òfin mẹ́rin ti jáde, kò sì sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí ó kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá rú u lè san owó ìtanràn tó 500 dọ́là, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n 60 ọjọ́, tàbí méjèèjì. Ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ ni pípa ẹran láìnídìí nínú ètùtù, bí kì í bá ṣe jíjẹ ni ìdí pàtàkì tí a fi pa á.

Ibí yìí ni ó yẹ kí àwa tí a fẹ́ràn èdè dúró díẹ̀. Nínú èrò Yorùbá, ta ni ó ń fi ògiri sáàárín ẹbọ àti oúnjẹ? A ní adìẹ ìrànà kì í ṣe ohun àjẹgbé, ṣùgbọ́n a kò sọ pé kì í ṣe ohun jíjẹ. Àwọn Lukumí náà máa ń se ẹran tí wọ́n bá fi bọ òrìṣà, wọ́n a sì jẹ ẹ́, àfi èyí tí a fi ṣe ìwòsàn tàbí ètò òkú. Òfin náà bi wọ́n léèrè ìbéèrè tí kò sí nínú èdè wọn.

Ilé ẹjọ́ àkọ́kọ́ dá ìlú láre ní 1989, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1991. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 1993 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fagi lé òfin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Àwọn adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fẹnu kò lórí èyí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àlàyé wọn kò dọ́gba. Adájọ́ Anthony Kennedy, tí ó kọ ìdájọ́ náà, kò gbára lé ọ̀rọ̀ “ẹbọ” àti “ètùtù” nìkan, nítorí pé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ní ìtumọ̀ tí kò kan ẹ̀sìn pẹ̀lú. Ó wo iṣẹ́ tí òfin náà ń ṣe. Ọdẹ lè pa ẹran, apẹja lè pa ẹja, àwọn Júù lè dú ẹran ní ìlànà tiwọn, àní a lè fi ehoro ààyè kọ́ ajá eré ìje. Àwọn olórìṣà nìkan ni òfin dè.

N kò sọ pé ẹ̀rù tí ń ba ará ìlú kò nídìí. Òkú ẹran tí a jù sí ìta ń rùn, ó sì lè fa àìsàn. Ìdáhùn Kennedy sí èyí tẹ́ mi lọ́rùn: bí ìdọ̀tí bá ni ìṣòro, kí a ṣe òfin ìdọ̀tí tí yóò mú ilé oúnjẹ àti olórìṣà bákan náà.

Irú ọ̀rọ̀ yìí tún ṣẹlẹ̀ ní ìlú Euless ní Texas, nígbà tí wọ́n ní kí José Merced, olórìṣà, má pa ewúrẹ́ nínú ilé rẹ̀ mọ́. Ó pẹjọ́, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì dá a láre ní 2009. Ní ti Euless, adìẹ kọ́ ló dá ìjà sílẹ̀: òfin ìlú náà ti gbà tẹ́lẹ̀ pé kí ènìyàn pa adìẹ tàbí tòlótòló tí yóò jẹ. Ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n kọ̀.