Ẹ̀gà Ìbàdàn àti Àwọn Tí Ń Ka Ẹyẹ Láìgbowó

Àwọn àgbà a máa sọ pé ẹ̀gà ń sọ èdè ìdílé rẹ̀, àwọn tí kò gbọ́ ọ ní ó ń pàtótó. Ní ọdún 1951, a rí ẹ̀gà kan ní Ìbàdàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ìmọ̀. John Elgood, olùkọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, ni ó fiyè sí i. Dúdú ni ẹyẹ náà, orí àti àyà akọ rẹ̀ sì pọ́n bí ẹní kun osùn. Elgood kò kánjú: ọdún 1958 ni ó tó ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún aráyé, ó sì fi orúkọ ìlú náà pè é, Malimbus ibadanensis. Gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà nìkan ni a ti mọ̀ ọ́n lágbàáyé, láàárín Ìbàdàn, Ifẹ̀, Ìlaròó àti Ìperu, tí kò jìnnà sí Odògbólú.

Ṣùgbọ́n ojú ẹnìkan kò lè ká ẹyẹ gbogbo Nàìjíríà. Ìwé tí Elgood ṣe lórí àwọn ẹyẹ orílẹ̀-èdè yìí jáde ní 1982. Nígbà tí wọ́n tún un tẹ̀ ní 1994, orúkọ àwọn márùn-ún mìíràn wà lára rẹ̀. Lẹ́yìn wọn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn wà tí kì í ṣe ẹyẹ ni wọ́n ń jẹ. Ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n fi ń wọ igbó, wọ́n a kọ ohun tí wọ́n rí, ibi tí wọ́n ti rí i àti oṣù tó jẹ́. Irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni a fi mọ ìgbà tí àwọn ẹyẹ tó ń sá fún òtútù Yúróòpù ń dé, àti ìgbà tí wọ́n ń padà. Àléébù kan wà níbẹ̀: àjèjì ni púpọ̀ nínú àwọn olùyọ̀ǹda wọ̀nyí. Bí wọ́n ti ń padà sílé ni ojú tó ń ṣọ́ igbó ń dín kù.

Ní 2001, wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí ẹyẹ A. P. Leventis sílẹ̀ nítòsí Jos. Ní 2005, ọmọ Nàìjíríà kan, Shiiwua Manu, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ewu tí gígé igbó sí wẹ́wẹ́ jẹ́ fún ẹ̀gà Ìbàdàn. Láti ọdún 2015 ni iṣẹ́ àwòrán ilẹ̀ àwọn ẹyẹ Nàìjíríà sì ti ń lọ. Wọ́n pín orílẹ̀-èdè sí ìpín tí ìbú àti òró ọ̀kọ̀ọ̀kan tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Olùyọ̀ǹda a lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ìpín kan, a sì fi fóònù kọ irú ẹyẹ kọ̀ọ̀kan tó bá rí tàbí tó gbọ́.

Odògbólú náà wà nínú ìpín wọ̀nyí. Igbó Ìjẹ̀bú ń di oko, oko ń di ilé. Ìpín tí ẹnikẹ́ni kò dé kò sọ fún wa pé ẹyẹ kò sí níbẹ̀. Ohun tó ń sọ ni pé kò sí ẹlẹ́rìí. Ẹyẹ tí kò ní ẹlẹ́rìí lè kú tán kí ìlú tó mọ̀ pé òun ní in rí. Ẹni tó ń gbé ibẹ̀, tó sì mọ ohùn ẹ̀gà, ni ó lè jẹ́ ẹlẹ́rìí náà.