Ta Ni Ó Bí Ìyá Ìyá Rẹ? Ẹ̀kọ́ Kan Láti Sakassou

Ìwé tí ọ̀rẹ́ mi mú dání lọ sí Sakassou kò ju ojú ewé kan lọ. Ilé iṣẹ́ kan lókè òkun ló fi ránṣẹ́ sí i lẹ́yìn tó tu itọ́ sínú ìgò kékeré, tó sì sanwó gọbọi. Ohun tí ìwé náà sọ ni pé Gánà àti Côte d'Ivoire ni ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Ṣé èyí ni mo san owó lé lórí? Ìyá mi ti sọ ọ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́." Ohun tó ń wá ni ìtàn obìnrin tó bí ìyá ìyá ìyá rẹ̀: orúkọ rẹ̀, àti ìlú tó ti wá. Kò sí itọ́ tó lè sọ ìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi wọkọ̀ ní Bouaké láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí a kọrí sí gúúsù ìwọ̀-oòrùn, tí a rin nǹkan bí 40 kìlómítà títí a fi dé Sakassou.

Mo bá a lọ nítorí pé ọ̀rọ̀ ìran kì í sú mi. Ọmọ Yorùbá ni mí, irú àwọn tí wọ́n ń pè ní Anango ní Côte d'Ivoire. Èjìgbò àti àwọn ìlú tó yí i ká ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí wa ti wá ṣòwò níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ta ni mí, oríkì orílẹ̀ bàbá mi ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Mo rò pé bí gbogbo ayé ṣe ń ṣe é nìyẹn, àfìgbà tí mo jókòó níwájú bàbá àgbà kan ní abúlé kan lẹ́bàá Sakassou.

Àbúrò ìyá ìyá ọ̀rẹ́ mi ni bàbá náà. Àgbẹ̀ oníṣu ni, oko ló ti ń bọ̀ nígbà tí a dé. A kúnlẹ̀ kí i, a pè é ní Nanan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń pe àgbà níbẹ̀. Lẹ́yìn tí a ti mumi, tó sì ti béèrè ohun tí a bá wá, kò kọ́kọ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ilé rẹ̀. Ìtàn Abla Pokou ló fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo ọmọ iléèwé ní Côte d'Ivoire ló mọ ìtàn náà. Lẹ́yìn ikú Opoku Ware Kìíní, ọba Àṣáńtì, ní nǹkan bí ọdún 1750, ìjà oyè bẹ́ sílẹ̀ ní Kumasi. Kusi Obodum ló gorí àga. Wọ́n pa Dakon, arákùnrin Pokou, Pokou sì kó àwọn èèyàn rẹ̀, wọ́n forí lé ìwọ̀-oòrùn. Nígbà tí wọ́n dé odò Comoé, odò kún, kò sì sí ibi tí wọ́n lè gbà kọjá. Ìtàn ní odò béèrè ọmọ, Pokou sì fi ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lé e lọ́wọ́. "Ba" ni ọmọ lédè wọn. Àwọn tó ń sọ ìtàn náà ní igbe tí ìyá yìí ké pé ọmọ ti kú ló di orúkọ Baoulé. Lẹ́yìn ikú Pokou, Akoua Boni, obìnrin kan náà nínú ẹbí rẹ̀, ló bọ́ sórí àga, Sakassou sì di olú-ìlú àwọn Walèbo, ìdílé tó ń jọba níbẹ̀ títí dòní.

Maurice Delafosse, òṣìṣẹ́ ìjọba Faransé tó gbé láàárín àwọn Baoulé, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi ìtàn yìí sínú ìwé ní nǹkan bí ọdún 1900. Látìgbà náà, àwọn onímọ̀ bíi Jean-Pierre Chauveau ti fi hàn pé kì í ṣe gbogbo Baoulé ló bá Pokou sọdá odò. Àwọn kan ti wá ṣáájú, lẹ́yìn tí Àṣáńtì ṣẹ́gun Denkyira ní Feyiase ní ọdún 1701. Àwọn Guro, Wan àti Senufo ti wà nítòsí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì di Baoulé nípa ìgbéyàwó, òwò àti ìbágbé. Ìtàn ayaba náà dà bí òrùlé kan tí wọ́n ta sórí ọ̀pọ̀ yàrá: gbogbo ará ilé ń sá sábẹ́ rẹ̀ nígbà òjò, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹnì kan ló mọ gbogbo ògiri.

Bàbá mọ ọ̀nà tí ayaba gbà kúrò ní Kumasi. Ó tún mọ orúkọ ìyá ìyá rẹ̀, ó sì dá a fún wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rẹ́ mi béèrè pé, "Nanan, ẹ jọ̀ọ́, abúlé wo ni wọ́n ti fẹ́ ìyá náà wá?" bàbá dákẹ́. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọmọ ilé yìí ni." Ọ̀rẹ́ mi tún ọ̀rọ̀ náà gbé gba ọ̀nà mìíràn. Bàbá tún dáhùn pé, "Ọmọ ilé yìí ni." Ó ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Kí a tó dá bàbá lẹ́bi, ẹ jẹ́ ká wo bí ìdílé àgbẹ̀ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń tọpa ìran tirẹ̀. Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell pàṣẹ fún gbogbo ìjọ pé kí wọ́n máa kọ orúkọ àwọn tí wọ́n ṣèrìbọmi fún, àwọn tó gbéyàwó àti àwọn tí wọ́n sin. Láti ọdún 1841, ìkànìyàn wọn ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá sùn nínú ilé lálẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ fi ìwé owó ilẹ̀ àti ìwé ìhágún kún un. Nípa bẹ́ẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ tí kò lóyè, tí kò lówó, lè ka orúkọ àwọn baba rẹ̀ padà sẹ́yìn ju 400 ọdún lọ. Kì í ṣe pé àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fẹ́ràn baba ńlá rẹ̀ ju ti àgbẹ̀ Baoulé lọ. Ìjọ àti ìjọba ló ní ìdí láti kà á, orúkọ bàbá ni wọ́n sì fi so ìwé kan mọ́ èkejì. Obìnrin ń sọ orúkọ tirẹ̀ nù lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ibẹ̀ sì ni ipasẹ̀ ìyá rẹ̀ ti ń dàrú.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ìwé bá tán, ìyá ni wọ́n ń sá tọ̀. Ní ọdún 1903, wọ́n rí egungun ọkùnrin kan nínú ihò àpáta kan ní Cheddar. Ó ti tó nǹkan bí 10,000 ọdún tó ti kú. Ní ọdún 1997, àwọn onímọ̀ yẹ apá kan nínú DNA rẹ̀ wò, èyí tó jẹ́ pé ìyá nìkan ló ń fi í lé ọmọ lọ́wọ́. Wọ́n fi wé ti àwọn ará ìlú náà, wọ́n sì rí i pé òun àti olùkọ́ ìtàn kan tó ń gbé nítòsí jọ ṣẹ̀ láti ara ìyá kan náà láyé àtijọ́. Èyí kò sọ pé olùkọ́ náà jẹ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ tààrà. Ipasẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n rí, bẹ́ẹ̀ tí ẹ bá ka ìran mẹ́wàá sẹ́yìn, ipò òbí 1,024 ló wà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wa. Síbẹ̀, ọ̀nà tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ fi dé ibi tí ìwé kò lè dé ni ọ̀nà tí àwọn Akan ti ń kà tipẹ́tipẹ́: ta ni ó bí ìyá rẹ?

Láàárín àwọn Baoulé, ọmọ lè bá ti bàbá tàbí ti ìyá gbé, ṣùgbọ́n ti ìyá ló máa ń wúwo jù nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di oyè àti ogún. Wọ́n ní ìṣúra ẹbí kan tí wọ́n ń pè ní adja, wúrà àti ohun iyebíye tí a kì í ná bí owó ọjà. Ọmọ arábìnrin lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀, kí ọmọ bíbí inú onítọ̀hún máa wò ó.

Ìjọba wá kó ìwé tirẹ̀ dé. Ní ọdún 1964, òmìnira kò tíì pé ọdún márùn-ún, wọ́n ṣe òfin tuntun lórí orúkọ, ìgbéyàwó àti ogún. Orúkọ bàbá ni ọmọ yóò máa jẹ́, ọmọ ẹni ni yóò sì máa jogún ẹni. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ọjọ́ ìbí ni orúkọ Baoulé ń sọ, kì í sọ ìran. Kouassi ni ọkùnrin tí wọ́n bí lọ́jọ́ Ajé, Kouadio ni ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Konan ni ti ọjọ́rú. Bí orúkọ bàbá bá ti wọ ìwé, ó di orúkọ ìdílé. Ẹni tó ń jẹ́ Kouassi ní Sakassou àti ẹni tó ń jẹ́ Kouassi ní Daoukro lè máà bára wọn tan rárá. Ohun tí wọ́n jọ ní kò ju pé baba ńlá àwọn méjèèjì dé ayé lọ́jọ́ Ajé. Ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ inú ìwé tọpa ìran ní Sakassou bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe, kàlẹ́ńdà ni yóò bá padà sílé.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ bàbá tó dákẹ́. Ní ọdún 1890 sókè, nígbà tí ogun Samori ń jà ní àríwá, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tí wọ́n kó lógun ni wọ́n tà sí ilẹ̀ Baoulé, àwọn obìnrin àti ọmọdé pọ̀ nínú wọn. Kanga ni wọ́n ń pe ẹrú. Obìnrin tí wọ́n rà kò ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tó lè wá gba ọmọ rẹ̀ lọ́la, nítorí náà ilé ọkọ ló ni gbogbo ọmọ tó bá bí. Ìran kan, ìran méjì, wọ́n ti di ọmọ ilé. Òfin tí àwọn Àṣáńtì ń tẹ̀ lé láti ayé Osei Tutu kò sì ṣàjèjì níhìn-ín: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú orísun ẹlòmíràn síta.

Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé wọ́n ra ìyá àgbà náà. Kò sẹ́ni tó sọ pé wọn kò rà á. Lójú ọ̀nà, ọ̀rẹ́ mi ń bínú. Ó ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ti jí ìlú obìnrin kan, èdè rẹ̀, àti orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kó tó di pé wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ ọjọ́. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n mo tún rí i pé ìdákẹ́jẹ́ẹ́ kan náà ló jẹ́ kí bàbá tó bá wa sọ̀rọ̀ jókòó láàárín ìdílé láìsí ẹni tó lè nà án níka. Yorùbá ní bí a ti bí ẹrú la bí ọmọ. Àwọn ará ilé yìí kò pa á lówe, wọ́n pa ẹnu mọ́ kó lè rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba kò pa ẹnu mọ́. Òfin ìdìbò oṣù Kejìlá ọdún 1994 ní ẹni tó bá fẹ́ jẹ ààrẹ gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ Côte d'Ivoire láti ìbí, kí bàbá àti ìyá rẹ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin ilẹ̀ oko ti ọdún 1998 ní ọmọ orílẹ̀-èdè náà àti ìjọba nìkan ló lè ní ilẹ̀ oko. Lójijì, àgbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ ti gbin kòkó láti ayé Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìwé ìbí ẹni tó ti kú. Wọ́n pe èrò yìí ní ivoirité. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ogun bẹ́, Bouaké sì di olú-ìlú àwọn ọlọ̀tẹ̀. Ọ̀rọ̀ ta ni ọmọ onílẹ̀ àti ta ló yẹ kó gba káàdì ìdánimọ̀ wà lára ohun tí wọ́n gbé ìbọn nítorí rẹ̀.

Ààrẹ Henri Konan Bédié, tí ivoirité gbilẹ̀ nígbà ìjọba rẹ̀, Baoulé ni. Ìtàn tí gbogbo Baoulé ń gbéra ga sí ni ti obìnrin kan tó sá kúrò ní Gánà òde òní, tó sọdá odò láìní ìwé kankan. Bí wọ́n bá bi Abla Pokou ní etí Comoé pé kó mú ẹ̀rí wá pé wọ́n bí bàbá àti ìyá rẹ̀ sí òdìkejì odò, ibẹ̀ ni Sakassou ìbá ti parí.

Nítorí náà, èmi kò sọ pé kí a má tọpa ìran. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà kí wọ́n tó lọ, ẹ kọ orúkọ àwọn ìyá sílẹ̀, nítorí ìwé ìjọba kò ní bá yín kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹbí ni kó ni ìmọ̀ náà. Bí ẹ bá kan ibi tí àgbà ti dákẹ́, ẹ má fi ipá ṣí i lójú ọjà. Ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà ń dáàbò bò.

Ọ̀rẹ́ mi kọ orúkọ ìyá náà sínú ìwé rẹ̀. Níbi tó yẹ kí ìlú rẹ̀ wà, ohun tí bàbá sọ ló kọ: ọmọ ilé yìí. Lálẹ́ ọjọ́ náà ní Bouaké, mo pe ìyá mi lórí fóònù, mo ní, "Màámi, ta ló bí ìyá ìyá yín?" Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Oríkì ìyá náà nìkan ni wọ́n mọ̀. Wọ́n ní àwọn yóò béèrè orúkọ rẹ̀ ní Èjìgbò.