Neurofeedback
Neurofeedback jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tí ènìyàn ń gbà kọ́ bí yóò ṣe máa fúnra rẹ̀ darí iṣẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n á lẹ irin pẹlẹbẹ kéékèèké mọ́ awọ orí akẹ́kọ̀ọ́ láti gba ìgbì iná ọpọlọ. Kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ di ìró tàbí àwòrán lójú ẹsẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ náà lè mọ ìgbà tí ìgbì náà bá yí padà. Hans Berger, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba ìgbì ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀ ní 1924. Joe Kamiya bẹ̀rẹ̀ ìwádìí lórí ìdarí ìgbì ọpọlọ ní Yunifásítì Chicago ní òpin àwọn ọdún 1950. Ní 1972, olùwádìí Barry Sterman ròyìn ìlò neurofeedback fún alárùn wárápá kan. Wọ́n tún ń lò ó fún àwọn ọmọdé tí kì í lè pọkàn pọ̀, ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ó ti gbéṣẹ́ tó.