Ọjà, Odò àti Dòdò: Àgbéyẹ̀wò Ohun Èlò Ẹ̀kọ́ Ìmọ̀ Àwùjọ ní Agbègbè Aṣéjirẹ, Ìkirè àti Àpòmù

Arìnrìn-àjò tó bá gba títì Ìbàdàn sí Ifẹ̀ dé Aṣéjirẹ yóò rí omi Ọ̀ṣun tí wọ́n sé, tó tẹ́ rẹrẹ. Yóò rí ilé-iṣẹ́ ọtí ẹlẹ́rìndòdò, kò sì ní pẹ́ tí àwọn oní-dòdò Ìkirè yóò fi sáré bá mọ́tò rẹ̀. Iṣẹ́ àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ àwọn ohun èlò tí a ti fi ń kọ́ ọmọ ní Ìmọ̀ Àwùjọ àti ìmọ̀ nípa ayé gbogbo wò, láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, kí a wá wò ó bóyá wọ́n bá ohun tó wà lójú títì yìí tan. Èrò tèmi ni pé kò sí ohun èlò tó dára tó ohun tó ti òkèèrè wá sí àdúgbò ọmọ, tó pẹ́ níbẹ̀ títí tí ẹnikẹ́ni kò fi pè é ní àlejò mọ́.

Kí a tó máa kọ́ Ìmọ̀ Àwùjọ ní ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kọ́ ìtàn, ọ̀tọ̀ ni jọ́gíráfì, ìtàn ọba Gẹ̀ẹ́sì ló sì pọ̀ jù nínú èyí àkọ́kọ́. Ilé-ìwé gíga Ayétòrò, tí wọ́n ṣí ní 1963 ní ilẹ̀ Yewa pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ àwọn ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ dán an wò ní apá Ìwọ̀ Oòrùn. Àwọn olùkọ́ ibẹ̀ ní láti jókòó kọ ìwé tí wọn yóò lò fúnra wọn, torí kò sí ìkankan lórí àtẹ. Ní 1968, orílẹ̀-èdè Áfíríkà mọ́kànlá, Nàìjíríà sì wà lára wọn, pàdé ní Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà, wọ́n fẹnu kò pé kí ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọmọ ń gbé. Lọ́dún kejì ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ Ìmọ̀ Àwùjọ sílẹ̀ níbí. Ìlànà ìjọba lórí ẹ̀kọ́ jáde ní 1977. Nígbà tí ètò 6-3-3-4 sì dé ní 1982, ẹ̀kọ́ tí gbogbo ọmọ gbọ́dọ̀ ṣe ni Ìmọ̀ Àwùjọ dà.

Èyí tó yẹ ká dúró lé lórí wà nítòsí wa gan-an. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n sì fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí èdè kejì. Ford Foundation ló fowó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹ̀kọ́ Àwùjọ àti Àṣà wà lára ohun tí wọ́n kọ́, wọ́n sì ní láti ṣe ìwé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi àwọn ọmọ náà wé àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ṣe dáadáa jù, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì jó rẹ̀yìn rárá. Àwọn tó ń sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ yìí sábà máa ń dúró síbi èdè. Lójú tèmi, ohun èlò ni ìdajì àṣeyọrí rẹ̀: ohun tí ọmọ mọ orúkọ rẹ̀ nílé ni ìwé náà ń bá a sọ, ó sì lè já olùkọ́ níyàn lórí rẹ̀.

Àwọn ohun èlò kan gba ọ̀nà mìíràn. Láti 1959 ni tẹlifíṣọ̀n WNTV ní Ìbàdàn ti ń gbé ẹ̀kọ́ jáde fún ilé-ìwé, ṣùgbọ́n mélòó ni ilé-ìwé tó ní iná, ká má tíì sọ tẹlifíṣọ̀n? Ní 2013, ìjọba Ọ̀ṣun lábẹ́ Gómìnà Rauf Arẹ́gbẹ́ṣọlá gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé-ìwé girama àgbà: ìwé ẹ̀kọ́ àti ìbéèrè ìdánwò ìgbà àtijọ́ wà nínú ẹ̀rọ kan tó ṣeé gbé sápò. Èrò tó dára ni. Àmọ́ ìwé tó wà lórí bébà tẹ́lẹ̀ náà ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọ kò sì lè fi ìwé tí wọ́n gbé sínú gíláàsì mọ ohun tí ìwé náà kò sọ.

Ẹ jẹ́ ká wá mú dòdò Ìkirè. Àgbagbà tó ti pọ́n kọjá, tí èèpo rẹ̀ ti dúdú, tí ẹlòmíràn ì bá dànù, ni wọ́n ń lò. Wọ́n á fọ́ ọ, wọ́n á po ata àti iyọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á ṣù ú ní róbótó, wọ́n á sì dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Jẹ́ kí olùkọ́ gbé ẹyọ kan sórí tábìlì, kó béèrè ibi tí ohun inú rẹ̀ ti wá. Gúúsù-Ìlà Oòrùn Éṣíà ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, òkun Íńdíà ló gbà dé Áfíríkà ní ayé ọjọ́un. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ata ti wá, àwọn oníṣòwò Potogí ló gbé e kọjá òkun lẹ́yìn tí Columbus ti débẹ̀ ní 1492. Epo nìkan ni tiwa. Ọ̀pẹ náà sì ti rìnrìn-àjò: mẹ́rin péré ni wọ́n gbìn sí ọgbà Bogor ní erékùṣù Java ní 1848, lónìí Indonésíà ló ń ta epo pupa jù lágbàáyé. Ọmọ ìwé karùn-ún tó bá fa ìlà wọ̀nyí sórí máàpù láti Ìkirè lọ sí Java àti Mẹ́síkò ti mọ ohun tí ìwé kan kò lè sọ fún un tán ní ojú ewé méjì. Ó sì lè jẹ ohun èlò náà tán.

Ti Àpòmù le ju ti Ìkirè lọ, nítorí ẹ̀jẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ọjà Àpòmù ni Ifẹ̀, Òwu, Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ ti ń pàdé ná ọjà láyé àtijọ́, wọ́n sì ń ta ènìyàn níbẹ̀. Samuel Johnson, tí wọ́n bí ní Hastings ní Sierra Leone ní 1846, kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé ìjà nítorí iye atare, láàárín ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú kan nínú ọjà yìí, ló dá ogun tó pa Òwu run sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. (Ìwé náà pàápàá ní ìtàn tirẹ̀: ó parí rẹ̀ ní 1897, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù sọnù, àbúrò rẹ̀ Obadiah ló tún un kọ, 1921 ló sì tó jáde.) Akin Mabogunje àti Omer-Cooper padà sórí ọ̀rọ̀ Òwu nínú ìwé wọn ní 1971, wọ́n sì wo òwò àti ìjínigbé tó wà lẹ́yìn atare náà. Kí olùkọ́ gbé ìtàn méjèèjì kalẹ̀ fún kíláàsì, kó má sọ èyí tó tọ́. Kó béèrè pé: ṣé atare lè da ìlú? Ta ló ní ìbọn nínú wọn, ọ̀dọ̀ ta ni ó sì ti rí i rà?

Owó tí wọ́n ná lọ́jà náà tún jẹ́ ohun èlò. Inú òkun ní erékùṣù Maldives ni owó ẹyọ ti wá jù, ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ sí Íńdíà, ó ti ibẹ̀ dé Yúróòpù kó tó dé èbúté wa. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn sì jẹ́ ẹgbàá. Ìṣirò, jọ́gíráfì àti òwò ẹrú wà nínú ìkarahun kan tí ọmọ lè fi àtẹ́lẹwọ́ bo. Ó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn babaláwo àti lọ́rùn òrìṣà, kò nira láti yá wò.

Dáàmù Aṣéjirẹ ń kọ́ni ní ohun mìíràn. Ní 1972 ni wọ́n ṣí i, Ìbàdàn ni ó ń fún lómi. Láti 27 oṣù kẹjọ 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, omi tó ń gba ìpínlẹ̀ kan wá ni àwọn ará ìpínlẹ̀ kejì ń mu. Òkè odò Ọ̀ṣun wà ní Èkìtì, ó kọjá igbó Ọ̀ṣun Òṣogbo tí UNESCO fi sínú ohun àjogúnbá àgbáyé ní 2005, àwọn tó ń wa góòlù lápá Ìjẹ̀ṣà sì ti da omi rẹ̀ rú. Ta ló ni odò? Ẹni tó wà lókè tàbí ẹni tó wà nísàlẹ̀? Bí kíláàsì bá ti jà á díẹ̀, kí olùkọ́ mẹ́nu ba Íjíbítì àti Etiópíà lórí odò Náílì, níbi tí Etiópíà ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ dáàmù ńlá ní 2011 tó sì ṣí i ní 2025. Àwọn ọmọ náà yóò mọ ohun tí wọ́n ń jà sí láì jẹ́ pé a túmọ̀ ọ̀rọ̀ kan fún wọn.

Máàpù ara ògiri pàápàá yẹ ní ṣíṣọ́ra fún. Èyí tí Mercator yà ní 1569 fún àwọn atukọ̀ ló ṣì wà ní ọ̀pọ̀ kíláàsì, Greenland sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Áfíríkà tó ìlọ́po mẹ́rìnlá rẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà fọwọ́ sí ìpè láti pa á tì ní 2025. Ọsàn kan tó láti fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n: kí ọmọ fi bírò yàwòrán sára rẹ̀, kó bó èèpo rẹ̀, kó gbìyànjú láti tẹ́ ẹ sórí tábìlì láì fà á ya.

Kí ló wá dé tí a kì í ṣe bẹ́ẹ̀? Owó kọ́, dòdò kì í ṣe ọ̀wọ́n. Ìdánwò ni. Nígbà tí wọ́n kó Ìmọ̀ Àwùjọ pọ̀ mọ́ ẹ̀sìn àti ẹ̀kọ́ ọmọ onílùú rere ní 2014, iṣẹ́ tí olùkọ́ ní láti parí pọ̀ sí i, ìbéèrè tó sì ń jáde ṣì ń béèrè pé kí ọmọ sọ ìtumọ̀ ẹbí tàbí kó ka àmúyẹ aṣáájú rere mẹ́rin. Olùkọ́ tó bá lo ọ̀sẹ̀ kan lórí owó ẹyọ ń fi máàkì àwọn ọmọ rẹ̀ ṣeré, àwọn òbí yóò sì bi í. Àwọn tó ń kọ ìbéèrè ló lè tú u sílẹ̀. Ìbéèrè kan tó tó báyìí: “Mú oúnjẹ kan tí wọ́n ń tà ní ìlú rẹ. Sọ ibi tí ohun mẹ́ta inú rẹ̀ ti wá, àti bí ọ̀kan nínú wọn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa. Máàkì 10.”